ÈDÈ WA KỌ́ LÓ JẸ̀BI, TÍṢÀ NI WỌN Ò KỌ́

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé wa wá sọ́dọ̀ yín lónìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ tí ó ń pàṣẹ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ṣe ìpàdé ní Àkúrẹ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ní Àkúrẹ́, ní ilẹ̀ Oòduà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n pa ìlànà èdè abínibí tì. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn èyí tí Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, fi kéde ní Àbújá pé láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí tíṣà máa fi kọ́ ọmọ. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 30 November 2022, pé kí á máa fi èdè tí ọmọ gbọ́ láti ilé kọ́ ọ fún ọdún mẹ́fà ní praimárì, ti di ohun tí wọ́n fagi lé. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé níbi tí wọ́n ti ń fi èdè abínibí kọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ó yà wá lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ka owó ọjà. 2022 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà ọdún mẹ́fà yẹn. Ọmọ tí ó ṣe WAEC ní 2025 ti lo ọdún méjìlá nílé ìwé, mẹ́fà ní praimárì, mẹ́fà ní girama. Bí kò bá tún kíláàsì kankan ṣe, 2013 ló wọ praimárì kìn-ín-ní, ó sì ti jáde ní praimárì tipẹ́tipẹ́ kí ìlànà náà tó dé ayé. Báwo ni ìlànà tí kò bá ọmọ nílé ṣe wá gbé ọmọ ṣubú? Wọ́n á ní ìlànà àtijọ́ ti 1977 wà, èyí tí ó ní kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ praimárì. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àdúgbò, ẹ sọ fún wa, ilé ìwé mélòó lẹ mọ̀ tó tẹ̀lé e? Ilé ìwé aládàáni tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé yín, tí wọ́n ń na ọmọ tàbí kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e nítorí pé ó sọ Yorùbá, ṣé ìlànà yẹn ni wọ́n ń tẹ̀lé?

(Èsì WAEC ti 2025 yẹn náà, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Kò pẹ́ tí WAEC fúnra rẹ̀ fi ní àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́ àwọn, ó sì di 62.96. Ẹni tó ń máàkì ìwé náà ń ṣìṣe, a ò gbọ́ pé wọ́n fagi lé èdè tirẹ̀.)

A kò sọ pé àwọn ọmọ wa kò fìdí rẹmi o. Wọ́n ń fìdí rẹmi, ẹ̀yin náà ń rí i. Ohun tí à ń sọ ni pé ìjọba fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹni tí ó yẹ kó kọ́ ọmọ ni kò sẹ́ni tó kọ́ òun alára dáadáa mọ́.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ti dé bá ilẹ̀ wa rí. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 17 January 1955, àwọn ọmọ praimárì tí wọ́n jẹ́ 456,600 ní 1954 di 811,432 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé ìwé ṣeé kọ́, amọ̀ wà, páànù wà. Ṣùgbọ́n a kì í fi amọ̀ mọ tíṣà. Wọ́n ní láti fi àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ rárá síwájú kíláàsì. Nígbà tó ṣe, ìwé àwọn ọmọ rẹlẹ̀, ariwo ta káàkiri. Kí ni ìjọba ìgbà yẹn ṣe? Ní ìparí 1960 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, S. A. Banjo ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà wádìí ọ̀rọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé àwọn tíṣà tí kò kọ́ṣẹ́ ti pọ̀ jù nílé ìwé. A ò fẹ́ tàn yín pé ohun gbogbo ló dára láyé àtijọ́. Àwọn bàbá wa náà sáré ju bí ẹsẹ̀ wọn ti lè gbé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọsẹ̀, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀ ni wọ́n wò, wọn ò bú èdè ìyá wọn.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yunifásítì ti wọlé. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Ọlọ́run ló ń kọ́ tíṣà, irú St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, tí ó jẹ́ pé ẹni tó bá jáde níbẹ̀ ni yóò máa ka lẹ́tà fún gbogbo ìlú, tí àwọn ìyá ń gbàdúrà pé kó fẹ́ ọmọ àwọn. Yunifásítì ìgbà náà kò ka iṣẹ́ tíṣà sí iṣẹ́ tí ènìyàn ń gboyè lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Sir Eric Ashby darí ló sọ ọ́ ní 1960 pé ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa máa fún ènìyàn ní oyè iṣẹ́ olùkọ́. Nsukka ló kọ́kọ́ gbé e ṣe, ní 1961. Ní 1962 àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì gíga fún tíṣà bẹ̀rẹ̀, àwọn ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí NCE tí gbogbo yín mọ̀.

Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ fi ojú inú wò pẹ̀lú wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀ ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀, October 1962 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ Awólọ́wọ̀ ló ń jẹ́ láti 1987. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Èkó, ló ń darí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní January 1970, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìwé praimárì St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ya kíláàsì sọ́tọ̀. Ní apá kan, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Wọn ò ju Gẹ̀ẹ́sì nù o. Tíṣà ọ̀tọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ ló ń wọlé wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní apá kejì, wọ́n ń ṣe é bí gbogbo ayé ti ń ṣe é, Yorùbá ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ọdún mẹ́ta.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sọ nípa iṣẹ́ Ifẹ̀ yìí, òun gan-an la fẹ́ kí ẹ gbọ́. Wọn ò dédé sọ fún tíṣà kan pé, ‘Ó yá, máa fi Yorùbá kọ́ wọn.’ Wọ́n kọ́kọ́ jókòó kọ ìwé tí àwọn ọmọ yóò lò. Wọ́n wá orúkọ fún àwọn ohun inú sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí Yorùbá kò tíì fún lórúkọ. Wọ́n kó àwọn tíṣà jọ, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lo ìwé náà, wọ́n tẹ̀lé wọn dé kíláàsì, wọ́n wo ibi tó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n sì tún kó wọn jọ. Tíṣà praimárì bí tiyín ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe ọmọ olówó. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n tún ta wọ́n yọ nínú iṣẹ́ púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá wà níbẹ̀. Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1989. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fafunwa fúnra rẹ̀ di Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́. Ìwé náà kò sọnù. Kí ló dé tí wọn ò kà á kí wọ́n tó lọ jókòó ní Àkúrẹ́? Ifẹ̀ sí Àkúrẹ́ kò kúkú jìnnà.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ń sọ ọ́ lọ́kàn pé, ‘Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ mi jàre, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wáṣẹ́.’ A ò bá yín jà. Àwa náà fẹ́ kí ọmọ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dójú àmì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: bí ó bá wá di Gẹ̀ẹ́sì nìkan láti jẹ́léósinmi, níbo ni tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n sọ, tí ó sì mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní èdè tí kò gbọ́ rí, yóò ti wá sí abúlé yín? Ẹni tí wọn ò kọ́ láti fi Yorùbá kọ́ni, wọn ò kọ́ ọ láti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni náà. Kò sí ohun tí ìkéde Àbújá yí padà nínú èyí.

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sọ ti inú ilé tèmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, obìnrin, wọ yunifásítì ìjọba kan ní 2019 láti kọ́ iṣẹ́ tíṣà. N kò ní í dárúkọ ibẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló yẹ kó lò. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì gba ọdún 2020 láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá, òmíràn tún dé ní 2022, láti 14 February títí di 14 October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Nígbà tó fi máa parí, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Ó ríṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwé abúlé kan, praimárì kẹta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù.

‘Ẹ kú alẹ́, Bàbá Kékeré. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń pe “fraction” ní Yorùbá?’

Mo ní ìdá ni. Mo ní bí ìyá rẹ bá gé iṣu sí mẹ́rin ọgbọọgba, tó mú ọ̀kan níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin nìyẹn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ náà mọ ìdajì, wọ́n mọ kí wọ́n pín nǹkan dọ́gba, torí wọ́n ń bá ìyá wọn ta ọsàn lọ́jà, ohun tí òun ń kọ sí ojú pátákó nìkan ni kò yé wọn. Mo bi í pé ní gbogbo ọdún tó lò, ṣé wọn ò kọ́ ọ bí a ṣe ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣirò? Ó rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ó ní, ‘Bàbá Kékeré, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ó ṣe kọ́ ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.’

Ohun tí Ifẹ̀ ti yanjú ní 1970 ni ọmọ tí ó gboyè iṣẹ́ tíṣà ń fi fóònù bi mí lálẹ́. N kò bínú sí i. N kò sì bínú sí gbogbo àwọn tó kọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ débi pé ojú fèrèsé ni àwọn kan ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Ìgbà tí wọ́n lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, èyí tí wọ́n ń pè ní TP, ọ̀gá rẹ̀ wá wò ó ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó kọ máàkì, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ọmọ fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí ìmọ̀ ìṣègùn, máàkì rẹ̀ kò dé ibẹ̀, wọ́n ní kó lọ gba Education. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́ bí ilé tí òkú kú sí. Ẹ̀yin náà ń ṣe é, ẹ má bínú. Ní 2023, máàkì tó kéré jù tí JAMB fẹnu kò sí fún yunifásítì jẹ́ 140 nínú 400. Ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà jẹ́ 100. Ìdá kan nínú mẹ́rin, bí iṣu tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí ó gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n bi í ni ìjọba sọ pé kó wá di ẹni tí yóò kọ́ àwọn tó kù.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe báyìí ni kí wọ́n pààrọ̀ pátákó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tai Solarin ní Ìjàgun di yunifásítì ní 2005. Adéyẹmí ní Oǹdó di yunifásítì. Ní 2022, ti Ọ̀yọ́ àti ti Èkó náà di yunifásítì. Ti Iléṣà kúrò ní ti tíṣà pátápátá, ó di yunifásítì ohun gbogbo. A ò lòdì sí i pé kí ìlú ní yunifásítì. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ṣé ìyẹ̀wù ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i? Ṣé olùkọ́ pọ̀ sí i? Ṣé praimárì tí ó wà lẹ́yìn ọgbà yunifásítì náà rí ẹnì kan láti inú ọgbà tó wá bá wọn ṣe irú iṣẹ́ tí Ifẹ̀ ṣe ní Modákẹ́kẹ́?

Ìlérí náà kò sì wọ́n wọn. Ní 5 October 2020, ọjọ́ àwọn tíṣà lágbàáyé, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, kéde owó oṣù ọ̀tọ̀ fún tíṣà. Ní ọjọ́ yẹn kan náà lọ́dún 2021, wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní yunifásítì ìjọba yóò máa gba ₦75,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà ní NCE yóò máa gba ₦50,000. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ pè é jókòó kí ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló fojú kàn án. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ wo ìwé owó oṣù yín. Òfin 2022 wá sọ pé kí tíṣà máa ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65. Ó dára fún ẹni tó lágbára. Ṣùgbọ́n kí á di àgbà mú kó má lọ, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé a ti rí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Kí wá ni ẹgbẹ́ tiwa yóò ṣe? Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba tíṣà praimárì síṣẹ́, ìpínlẹ̀ ló sì ni yunifásítì ìpínlẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Àbújá ló di òun lọ́wọ́. Níbi tí ẹ bá ti fi ìbò gbé wa dé, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba oyè iṣẹ́ tíṣà praimárì ní yunifásítì ìpínlẹ̀ yóò kọ́ bí a ṣe ń fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, yóò sì kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Yóò lo odidi ọdún kan ní ilé ìwé, ìdajì rẹ̀ ní abúlé, pẹ̀lú tíṣà àgbà tí a ó máa san owó fún nítorí pé ó ń tọ́ ọ. Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yóò máa wá sí yunifásítì nígbà ìsinmi bí wọ́n ti ṣe ní Ifẹ̀, ìjọba ni yóò san owó mọ́tò àti oúnjẹ wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yan iṣẹ́ tíṣà ní àkọ́kọ́, tí kì í ṣe pé wọ́n tì í síbẹ̀, yóò gba owó ìrànlọ́wọ́, yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yìí fún ọdún tí a bá jọ fẹnu kò sí. Owó ńlá ni, a ò ní í purọ́ fún yín. Yóò gba ọdún mẹ́rin, márùn-ún, kí ẹ tó rí àwọn àkọ́jáde. Bí a bá sọ fún yín pé ọdún kan ni, ẹ má dìbò fún wa.

Láìpẹ́, àwọn tí ń tọrọ ìbò yóò dé ojú ọ̀nà yín, wọn yóò gbé ìrẹsì àti aṣọ dání. Ẹ gbà á bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé ìlú gbé pẹ́ńsù dání, kí ẹ sì bi wọ́n níṣojú gbogbo ènìyàn: Tíṣà mélòó tí ó kọ́ṣẹ́ ló wà ní praimárì ìlú yìí? Ta ni yóò kọ́ àwọn tí yóò rọ́pò wọn, níbo, pẹ̀lú owó wo? Kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí ó bá ti jáde lẹ́nu wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí, tiwọn àti ti ọmọ ẹgbẹ́ tiwa tó bá ń díje lọ́dọ̀ yín, a ò ní í yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀.